Bí ará àdúgbò ṣe lè gbé ọkàn ara wọn ró lẹ́yìn àjálù

Omíyalé, ìjì líle, ìmìtìtì ilẹ̀, iná igbó: èyí tó wù kó jẹ́, tó bá kọjá tán, ohun tó máa ń bàjẹ́ ju ilé lọ. Ẹlòmíràn kò ní rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹlòmíràn á gbọ́ ìró òjò lórí òrùlé, àyà rẹ̀ á já. Òmíràn kò ní sunkún rárá, á kàn jókòó sójú kan láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí wèrè nínú gbogbo èyí, kò sì tíì sí àìsàn níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ara àti ọkàn ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí ẹ̀rù ńlá bá bani. Àwọn tó pọ̀ jù á bọ̀ sípò fúnra wọn, bí wọ́n bá ti rí omi mu, ibi sùn, ìròyìn tó jẹ́ òótọ́, àti ojú tí wọ́n mọ̀ nítòsí.

Ìlànà tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ káàkiri ayé fẹnu kò sí lọ́dún 2007 to ìrànlọ́wọ́ yìí ní ìpele mẹ́rin, bí ẹní to ìkòkò léra wọn. Èyí tó tóbi jù, tó wà nísàlẹ̀, ni ààbò, omi, oúnjẹ àti ibùgbé. Ẹbí àti àdúgbò ló wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ láti máa bá àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le sọ̀rọ̀. Èyí tó kéré jù, tó wà lókè téńté, ni ti dókítà ọpọlọ. Ìkòkò kejì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé níbí. Àṣìṣe tí a máa ń rí jù ni pé àwọn èèyàn á fo méjì ìsàlẹ̀, wọ́n á wá lọ máa wá onímọ̀ tó máa bá ẹni tí kò tíì jẹun láti àná sọ̀rọ̀ nípa ọkàn rẹ̀.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀

Ẹ yan èèyàn mẹ́wàá sí méjìlá, kí ẹ sì pín wọn ní méjì-méjì. Ẹnì kan kì í dá lọ. Ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀, ẹnì kejì ló ń wo ohun tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà ló sì máa sáré lọ pe èèyàn tí nǹkan bá yíwọ́. Kí tọkùnrin tobìnrin wà nínú wọn, kí ẹni tó gbọ́ èdè kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń sọ ní ibùdó tí wọ́n kó àwọn èèyàn sí sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣì ń wá ọmọ rẹ̀, tàbí tí òkú rẹ̀ kò tíì wọlẹ̀, ẹ má fi í kún wọn, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún un, bíi pípọn omi tàbí títo ẹrù, tí kò ní mú un jókòó ti ẹkún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kan gbáko tó fún ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ ṣe eré: kí ẹnì kan ṣe bí ẹni tí ilé rẹ̀ wó, kí ẹnì kejì lọ bá a. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n ibi ìpín ẹrù ni kó lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìwé kan, ojú kan péré. Kí àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀: ibi tí omi tó ṣeé mu wà, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ àti wákàtí tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn tó ṣí, ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí a kò rí, ibi tí èèyàn ti lè gba fóònù pe ẹbí, àti ẹni tí a máa pè tí ọmọdé bá dá wà. Lókè ìwé náà, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí. Kí ẹnì kan máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé nǹkan máa ń yí padà kíá lẹ́yìn àjálù. Bí ẹ bá rán ìyá ọlọ́mọ lọ sí ilé ìwòsàn tó ti tì láti àná, kò ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́, ẹ ò sì ní lè dá a lẹ́bi.

Wò, tẹ́tí, so pọ̀

Lọ́dún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú àjọ aṣèrànwọ́ méjì, War Trauma Foundation àti World Vision, gbé ìwé ìtọ́nà kan jáde lórí ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn. Kì í ṣe oníṣègùn nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ lè lò ó. Ohun mẹ́ta ló dúró lé lórí: wò, tẹ́tí, so pọ̀.

Wíwò ló kọ́kọ́ ń bọ̀, àwọn èèyàn sì máa ń fò ó. Ẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà ibùdó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣé ògiri kan wà tó lè wó? Ṣé wáyà iná wà nílẹ̀? Ta ló dá jókòó? Ọmọ wo ni kò sí àgbàlagbà lọ́dọ̀ rẹ̀? Àgbà wo ni kò lè rìn dé ibi omi? Ta ló ń gbọ̀n, tàbí tó ń rìn káàkiri tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀? Àwọn wọ̀nyí lẹ máa kọ́kọ́ lọ bá. Àwọn tó ń pariwo kọ́ ló máa ń nílò ìrànlọ́wọ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Obìnrin kan jókòó lórí fóòmù tó ti mumi. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé dání, ilé náà kò sì sí mọ́. Ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ jókòó kí ojú yín lè ṣe déédéé tirẹ̀, kí àyè tó tó apá kan wà láàárín yín. Ẹ kí i, ẹ sọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ti wá, kí ẹ wá sọ pé: “Ìyá, ṣé mo lè jókòó tì yín díẹ̀?” Tó bá ní rárá, ẹ fi ibi tó ti lè rí yín hàn án, kí ẹ sì dìde. Tó bá dákẹ́, ẹ bi í ní ohun tó rọrùn láti dáhùn: “Kí lẹ nílò báyìí?” tàbí “Ṣé ẹnì kan wà tí ẹ ń wá?” Ẹ má bi í pé “Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?” Bí òun fúnra rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ẹ tẹ́tí. Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá dúró ní ìdajì, ẹ má fà á jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sì gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣòro tó pọ̀ jù níbi títẹ́tí ni pé ìdákẹ́jẹ́ máa ń ni wá lára, a sì máa ń fi ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀ dí i. “Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí ṣì wà.” “Ẹ gbà fún Ọlọ́run.” “Ti lágbájá le ju tiyín lọ.” “Ẹ má sunkún mọ́, ọkùnrin ni yín.” Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ fún ẹni tó ń gbọ́ ọ: pa ẹnu rẹ dé. Tí òun fúnra rẹ̀ bá dárúkọ Ọlọ́run, ẹ bá a lọ síbẹ̀. Kó ṣáà má jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa ti ẹnu yín gbé e wá láti fi gé ẹkún rẹ̀ kúrú. “Gbogbo rẹ̀ á dáa” náà kò dára, nítorí ìlérí ni, agbára rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ yín. Ohun tó ṣeé sọ kò pọ̀: “Mo ń gbọ́ yín.” “Ọ̀rọ̀ náà tó ẹkún.” “Bó ṣe ń ṣe yín yìí, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn.”

Ẹni tó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ ní kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó fa èémí sínú bí ẹ bá ṣe ń ka ení dé ẹrin, kó sì tú u jáde jẹ́jẹ́ bí ẹ bá ṣe ń ka ení dé ẹfà. Ẹ bá a ṣe é fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ lè má fẹ́ kí ẹ mú ọkàn òun lọ sórí mímí rárá, ó tiẹ̀ lè mú kí ìpayà náà pọ̀ sí i. Ẹ yáa ní kó dárúkọ ohun márùn-ún tó ń rí níwájú rẹ̀, mẹ́rin tó lè fọwọ́ kàn, mẹ́ta tó ń gbọ́.

Síso pọ̀ ni pé kí ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ èèyàn rẹ̀ àti dé ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Ẹ ní kó mú ohun kan nínú gbogbo ìṣòro rẹ̀ tó fẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú. Ẹ má yàn fún un, ẹ má sì bá a ṣe ohun tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ lè ṣe. Ẹni tí omi ti gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò kí ẹ tún gba ìpinnu mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní ẹ máa padà wá ní agogo mẹ́rin, ẹ padà wá ní agogo mẹ́rin, ì báà jẹ́ pé ọwọ́ òfìfo lẹ gbé bọ̀.

Ẹ má fipá fa ìtàn jáde

Láti ọdún 1980 sókè ni àṣà kan ti gbilẹ̀: a ó kó àwọn tó fara gbá àjálù jọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, a ó ní kí kálukú ròyìn ohun tó rí, ohun tó rò, àti bó ṣe rí lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan. Ó dà bí ohun tó bọ́gbọ́n mu. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí fi àwọn tó ṣe é wé àwọn tí kò ṣe é, wọ́n rí i pé kò dènà àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀yìn ìpayà wá, ó sì mú ti àwọn kan le sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ká yé lò ó. Síbẹ̀, ẹ ó ṣì rí àwọn àlejò tó máa ti òkèèrè dé pẹ̀lú ìwé àti kámẹ́rà, tí wọ́n á fẹ́ kí àwọn ìyá jókòó yíká kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun mẹ́ta: ta ló dá yín lẹ́kọ̀ọ́, ìgbà mélòó lẹ máa padà wá, ta ló máa tọ́jú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá dá lágara lóru òní? Bí wọn ò bá rí ìdáhùn kẹta, ẹ ṣe wọ́n pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa lọ.

Bákan náà ni ìwé tí ẹ ń kọ. Nọ́ńbà ilé, ohun tí wọ́n nílò, ọjọ́: ó tán. Ìtàn kò sí níbẹ̀. Ìwé máa ń bọ́ sílẹ̀, ará ibùdó kan náà ló sì máa rí i he.

Òkú, àwọn tí a kò rí, àti àhesọ

Ara ohun tó máa ń dá ọgbẹ́ ọkàn tó ń pẹ́ sílẹ̀ ni òkú tí ẹbí kò rí sin. Ìbẹ̀rù pé òkú á fa àjàkálẹ̀ àrùn ló máa ń mú kí wọ́n yára da gbogbo wọn sí kòtò kan. Òkú àwọn tí omi, ìjì tàbí ilẹ̀ ríri pa kì í sábà fa àjàkálẹ̀ àrùn. Àrùn tó ń pani báyẹn kọ́ ló pa wọ́n. (Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí Ebola tàbí kọ́lẹ́rà bá pa.) Kí àwọn tó ń gbé òkú wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà gígùn, kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí omi mímu kàn án. Kí ẹ tó gbé òkú kúrò níbi tí ẹ ti rí i, ẹ fún un ní nọ́ńbà, ẹ ya àwòrán ojú rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju kòtò gígùn lọ, ẹ tẹ́ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ẹ má to ọ̀kan lé ọ̀kan, kí ẹbí tó bá dé lọ́la lè rí tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wo òkú, ẹ kọ́kọ́ sọ bó ṣe máa rí fún un, ẹ bá a wọlé, ẹ má sì kán an lójú. Ẹni tí kò bá fẹ́ wò, ẹ má fi agbára mú un. Ẹni tó máa túfọ̀, kó jókòó, kó sọ ọ̀rọ̀ náà ní tààrà: “Ó ti kú.” Ọ̀rọ̀ àfiwé bíi “ó ti sinmi” lè mú kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń wárìrì rò pé ilé ìwòsàn ló wà.

Ní ti àhesọ, ẹ gbé pátákó kan sí ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá, kí ẹnì kan ṣoṣo máa kọ nǹkan sí i. Ohun tí a mọ̀ ní apá kan. Ohun tí a kò tíì mọ̀, pẹ̀lú ìgbà tí a tún máa sọ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ní apá kejì. Apá kejì yìí ló máa ń pa àhesọ jù.

Ẹ má tú aládùúgbò ká

Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Kobe, ní Japan, lọ́dún 1995, wọ́n pín ilé ìgbà díẹ̀ fún àwọn èèyàn nípa ṣíṣẹ́ kèké, wọ́n sì fi àwọn àgbàlagbà àti aláìlera ṣáájú. Ojú àánú ni wọ́n fi wò ó. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé àwọn arúgbó bá ara wọn láàárín àwọn tí wọn kò mọ̀ rí, àwọn kan sì kú sínú yàrá láìsí ẹni tó mọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ àti omi òkun tó ya wọ ìlú ní Japan lọ́dún 2011, ìlú Iwanuma níbẹ̀ kó ọ̀pọ̀ àdúgbò lọ pọ̀ lódindi. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, àwọn tí wọ́n kó lọ pọ̀ túbọ̀ ń bá ara wọn ṣe wọlé-wọ̀de, nígbà tí ti àwọn tí kèké pín ká lọ sílẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń pín àgọ́, ẹ gbé orúkọ àwọn ilé tó wà ní òpópónà kan náà lọ bá wọn, kí ẹ ní kí wọ́n tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló dára jù láti béèrè. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ tún kó ẹrù. Kí ilẹ̀kùn àgọ́ kọjú síra wọn. Kí iná wà lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí obìnrin tó ń bẹ̀rù láti jáde lóru kò lè sùn.

Ẹ tún fún àwọn èèyàn níṣẹ́, kó sì jẹ́ iṣẹ́ gidi: títún ọ̀nà omi ṣe, dídáná, kíkọ́ ọmọ, títún rédíò ṣe. Ẹ máa wo àwọn ọkùnrin tí wọn kò rí nǹkan ṣe láti ọ̀sẹ̀ kejì lọ. Ibẹ̀ ni ọtí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọdé

Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé lè tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè máa fa ìka mu, kó má fẹ́ fi ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó máa ṣeré omíyalé léraléra. Ẹ má nà án, ẹ má sì fi ṣẹ̀sín. Ẹ má yà á kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́ ọ, kódà kó jẹ́ pé ibi tí ẹ fẹ́ mú un lọ dára ju ibùdó lọ. Ibi eré ojoojúmọ́, ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú àgbàlagbà méjì tí ẹ mọ̀ dáadáa, wúlò ju ohun ìṣeré olówó ńlá lọ. Bí wọ́n bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ dá wọn lóhùn ní kúkúrú àti ní òótọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló máa ń rò pé ìwà òun ló fà á. Ẹ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó béèrè.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ rí oníṣègùn

Àwọn tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ni àwọn tó ti ní àìsàn ọpọlọ tàbí wárápá kí àjálù tó dé, tí oògùn wọn bá omi lọ. Ẹ máa béèrè ní ilé kọ̀ọ̀kan: “Ṣé ẹnì kan wà níbí tó ń lo oògùn lójoojúmọ́?” Ọ̀rọ̀ náà kì í ti ẹnikẹ́ni lójú, gbogbo oògùn ló sì kó mọ́ra. Ẹni tí oògùn wárápá rẹ̀ bá dúró lójijì lè máa gìrì láìdáwọ́ dúró. Bí gìrì bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ lọ wo ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ tó bá wà nítòsí pẹ̀lú. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè ti sá lọ, kí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

Fún àwọn tó kù, ẹ máa wo oṣù kan. Bí ó bá lé ní oṣù kan, tí èèyàn kò sì lè sùn, kò lè ṣiṣẹ́, kò lè tọ́jú ọmọ, tí àjálù náà ṣì ń padà wá bá a lójú àlá àti lójú ayé, ó tó kó rí oníṣègùn. Ẹni tí kò jẹ, tí kò mu, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, kò gbọdọ̀ dúró de oṣù kankan.

Ní ti ikú, ẹ bi í ní tààrà: “Ṣé ẹ ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara yín?” Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí èèyàn nínú, ìtura ló máa ń jẹ́ fún ẹni tó ti ń dá gbé e. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í bóyá ó ti ní ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò, okùn àti oògùn kúrò nítòsí, ẹ pe oníṣègùn lọ́jọ́ náà. Ẹ má búra fún un pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oògùn oorun bíi diazepam máa ń wọ ibùdó bí àkàrà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká má fún àwọn tí ìpayà ń dà láàmú ní oṣù àkọ́kọ́. Ó ń di bárakú, kì í sì í dènà àìsàn náà. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ ni kò gbọdọ̀ já a lójijì. Kí dókítà dín in kù fún un.

Bí kò bá sí onímọ̀ ọkàn nítòsí, ètò méjì kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, tí àwọn tí kì í ṣe oníṣègùn lè fi ran àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan ni Problem Management Plus, ìjókòó márùn-ún, wákàtí kan ààbọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìkejì ni Self-Help Plus, ìjókòó márùn-ún pẹ̀lú ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, tí èèyàn tó ọgbọ̀n lè gbọ́ pa pọ̀. Ẹni tó máa darí wọn nílò ẹ̀kọ́ àti alábòójútó, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, àti ọdún tó ń bọ̀

Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́, kó sì sinmi odindi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ẹ jókòó ìdajì wákàtí: kí ló le, kí ló rọrùn, ta la máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́la? Ẹni tó ń bínú sí àwọn tó wá ràn lọ́wọ́, tàbí tó ń kọ̀ láti lọ sílé, àárẹ̀ ti mú un. Ẹ yí iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Ẹ má kó gbogbo agbára yín jó ní oṣù àkọ́kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn aṣèrànwọ́ bá lọ, bí oṣù kẹta sí ìkẹfà, tí gbèsè àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá kù, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń ṣubú. Ẹ ya èèyàn mẹ́rin sọ́tọ̀ fún ìgbà yẹn láti ọjọ́ kìíní.

Ìrántí ọdún kan ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múra fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Àwọn tó pàdánù èèyàn ni kó pinnu bó ṣe máa rí, kì í ṣe àwọn aláṣẹ. Kí ó má kọjá wákàtí kan ààbọ̀, kí ẹ má sì fi àwòrán omi tàbí ilé tó ń wó hàn. Kí yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbé e, kí méjì nínú yín sì jókòó síbẹ̀. Àwọn tí kò bá wá, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ kan ilẹ̀kùn wọn láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.